Ṣé ká pààrọ̀ oògùn bàbá mi?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Iléṣà la wà. Kíndìnrín bàbá mi ti daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ la máa ń gbé wọn lọ fọ ẹ̀jẹ̀ ní Ifẹ̀. Torí fọ́síféètì (èròjà inú oúnjẹ tí kíndìnrín wọn ò lè yọ dànù dáadáa mọ́) tó ń ga nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n ń lo calcium carbonate, oògùn oníkálísíọ̀mù tó ń di fọ́síféètì mú, mọ́ oúnjẹ. Àyẹ̀wò tuntun wá fi hàn pé kálísíọ̀mù ti ń dì sára iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn wọn. A ti dín ẹ̀wà àti wàrà, tí fọ́síféètì pọ̀ nínú wọn, kù (ìjà ojoojúmọ́ ni, ẹ̀wà ni wọ́n fẹ́ràn jù!). Mo gbọ́ pé sevelamer, oògùn míì tó ń di fọ́síféètì mú, kò ní kálísíọ̀mù nínú, ṣùgbọ́n ó wọ́n gan-an.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ṣé kí n bẹ dókítà kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ fún wọn? Ẹ má bínú pé ó gùn. Ẹ ṣeun o.