Ikùn rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn

Ẹ̀yin ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra hedgehog kékeré, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ oúnjẹ dúró ná. Ooru ló ṣáájú. Ó jọ òòrẹ̀ kékeré lójú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbátan òòrẹ̀. Ẹranko ilẹ̀ ọ̀dàn Áfíríkà ni, láti Senegal títí dé ìlà-oòrùn. Nàìjíríà ni wọ́n ti kó púpọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Òtútù kò bá a lára mu rárá. Kí inú àgò rẹ̀ wà láàárín 24 sí 28 ní ìwọ̀n Celsius, tọ̀sán-tòru. Bí ooru náà bá fi lè já wálẹ̀ sí nǹkan bí 18, hedgehog yóò fẹ́ sun oorun gígùn tí àwọn ẹranko kan máa ń sùn nígbà òtútù. A kò dá ara rẹ̀ fún irú oorun bẹ́ẹ̀, ó sì lè má jí mọ́.

Ẹ gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ fi ìka kan ikùn rẹ̀. Bó bá lọ́wọ́ọ́wọ́, kò séwu. Bó bá tutù, tó ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bó ṣe ń rìn, ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ gbé e mọ́ àyà, kí ooru ara yín máa wọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì pe dókítà ẹranko. Ẹ má rì í sómi gbígbóná: bó bá jáde, omi tó wà lára rẹ̀ ni yóò tún jẹ́ kí òtútù mú un.

Gílóòbù tí ń mú ooru jáde láìtan ìmọ́lẹ̀ ló dáa jù, pẹ̀lú thermostat, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìwọ̀n ooru, tí yóò máa pa á, tí yóò máa tàn án. Òru ni hedgehog ń jẹun. Bí iná bá mọ́lẹ̀ sí i, inú ihò ni yóò jókòó sí.

Kẹ̀kẹ́ roboto tí hedgehog ń sáré nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní sẹ̀ǹtímítà 28 láti etí kan dé ìkejì, kí ilẹ̀ rẹ̀ sì dí pátápátá. Onírin alálàfo máa ń há ìka ẹsẹ̀, ó sì máa ń dá a.

Bísíkíìtì ológbò, síbí ìjẹun kan sí méjì lálẹ́, ti tó. Kí ọ̀rá inú rẹ̀ má ju ìdá 15 nínú 100 lọ. Bí kò bá lè ká ara rẹ̀ jọ tán mọ́, ó ti sanra jù. Ẹ má fún un ní mílíìkì, èso àjàrà tàbí àlùbọ́sà.

Bí ẹ̀gún ọmọ oṣù méjì tàbí mẹ́ta bá ń já, tuntun ló ń hù. Ti àgbà tó ń já pẹ̀lú èépá funfun, kòkòrò ara ló sábà máa ń fà á: dókítà ni kó wọn ìwúwo rẹ̀ kó tó fún un lóògùn. Ẹ má fi oògùn eégbọn ajá dánra wò.

Láràárọ̀, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òwú tó tú lára aṣọ tí a tẹ́ sínú àgò lè wé mọ́ ọn típẹ́típẹ́ láàárín òru kan, tí ẹsẹ̀ yóò wú, tí yóò dúdú.