Ibi tí kámẹ́rà dúró ló pa mí lẹ́kún

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé àwòrán inú fíìmù ń bá yín sọ̀rọ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni la ẹnu? Ẹ jẹ́ kí n ti tèmi síwájú.

Fíìmù kékeré kan ni mo ń gé, kò ju ìṣẹ́jú 11 lọ. Wọ́n pe obìnrin kan lórí fóònù pé bàbá rẹ̀ ti kú. Òṣèré wa sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, kámẹ́rà sì sún mọ́ ọn débi pé ẹ lè ka irun ìpéǹpéjú rẹ̀. Inú mi dùn sí i, àṣé mo ń tan ara mi ni. Lọ́jọ́ tí a fi han àwọn èèyàn, ẹnì kan ń tẹ fóònù, ẹlòmíì ń rọra rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí wọra.

Mo padà lọ tú àwọn àwòrán tí a ti pa tì. Mo rí ọ̀kan tí a yà láti ẹnu ọ̀nà nígbà tí a ṣì ń dán iná wò. Ẹ̀yìn obìnrin náà nìkan là ń rí. Ó gbé fóònù kalẹ̀, ó wá ń fọwọ́ tẹ́ aṣọ orí tábìlì tó ti tẹ́ dáadáa tẹ́lẹ̀. Ó tẹ́ ọ̀tún, ó tẹ́ òsì, ó tún padà sí ọ̀tún. Mo fi ìyẹn rọ́pò ẹkún, n kò sì gé e fún odidi ìṣẹ́jú àáyá 20. Nígbà tí a tún fi hàn, gbogbo yàrá pa lọ́lọ́. Obìnrin kan dìde, ó jáde.

—

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Olùdarí fíìmù kan, ará Rọ́ṣíà, Lev Kuleshov, ti dán irú rẹ̀ wò láyé fíìmù tí kò ní ohùn. Ojú òṣèré kan ṣoṣo ló mú, ojú tí kò rẹ́rìn-ín, tí kò sunkún. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwo ọbẹ̀, àwọn òǹwòran ní ebi ló ń pa á. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pósí, wọ́n ní ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́. Ojú kan náà ni o!

Èmi ò gbà gbọ́, ni mo bá ya àbúrò mi níbi tó ti ń wo ògiri, mo lẹ ìbùsùn ọmọdé tó ṣófo mọ́ ọn. Ìyá wa wò ó, ó ní, "Ta ló ṣe ọmọ mi báyìí?" Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín. Bọ́ọ̀lù alẹ́ ọjọ́ náà ló ń rò.

—

Tèmi ò lọ geerege. Ẹ mọ ọgbọ́n tí olùdarí fíìmù Alfred Hitchcock fi ṣàfihàn ẹ̀rù ibi gíga nínú fíìmù Vertigo lọ́dún 1958: kámẹ́rà ń rìn síhìn-ín, lẹ́ńsì ń fà sọ́hùn-ún, àtẹ̀gùn wá ń nà lọ sísàlẹ̀ bí rọ́bà, òòyì á sì máa kọ́ ẹni tó ń wò ó. Mo gbé kámẹ́rà sórí ọmọlanke, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ. Ẹnì kan wò ó tán, ó ní, "Ṣé kámẹ́rà yín ti bà jẹ́ ni?"

Ó jàre. Ọkùnrin inú fíìmù mi ò bẹ̀rù ohunkóhun. Kọ́kọ́rọ́ ló ń wá.

—

Àwọ̀ ni tèmi. Fíìmù Schindler's List, 1993, nípa bí àwọn Násì ṣe pa àwọn Júù. Dúdú àti funfun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ látòkèdélẹ̀, àfi ẹ̀wù pupa ọmọdébìnrin kan tó ń dá rìn láàárín ìpànìyàn. Nígbà tó yá, pupa yẹn tún kọjá, lórí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kó òkú. Kò sẹ́ni tó sọ pé òun ni. N kò lè wo fíìmù náà tán lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Títí di òní, n kò rántí ojú ọmọ náà, ẹ̀wù yẹn nìkan ni.

—

Ẹ̀gbọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, obìnrin tó dìde jáde ńkọ́?

—

Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n túfọ̀ bàbá òun fún wọn, àwo tó ti mọ́ ni ìyá òun ń fọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.