Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n yọ gbogbo wíńdò ilé bàbá mi ni, àbí kí n tún un ṣe?

Ẹ̀yin ará, asalaamu alaekum. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀ ní Pákátà, Ìlọrin, ni èmi àti màmá mi ń gbé. Alámọ̀ ni, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, ògiri ẹ̀ sì nípọn gan-an. Wíńdò mọ́kànlá ló ní. Mẹ́ta ṣì jẹ́ pákó ìrókò tí wọ́n fi kọ́ ilé, lúfà ni ìyókù, bàbá wa ló fi wọ́n sí i nígbà tí mo wà ní pírámárì. Nínú lúfà yìí, òmíràn ò ṣeé pa dé mọ́, òmíràn ti já, páálí la fi dí i.

Lọ́dún tó kọjá mo ra AC wán họ́ọ̀sì sí yàrá màmá mi nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ooru oṣù kejì àti oṣù kẹta níbí kì í ṣe ohun tí àgbàlagbà ń fara dà. Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù lójúmọ́, sì ni àdúgbò wa. Látìgbà tí wọ́n ti gbé owó iná Band A dé ₦225 fún yúníìtì kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024, kò tíì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Láti agogo méjì ọ̀sán dé alẹ́, AC yìí kì í sinmi, síbẹ̀ yàrá ò tutù.

Oníṣẹ́ alumíníọ̀mù kan wá wọ̀n ọ́n. Ó ní kí n yọ gbogbo mọ́kànlá, kí n fi èyí tí wọ́n ń fà sí i, onígíláàsì méjì-méjì bíi ti òkè òkun, pé owó iná mi á já sí ìdajì. Nígbà tó pe iye ẹ̀, àyà mi já. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí, kí ni kí n ṣe?

ÌYÁ ÌBEJÌ, TANKE
Àbúrò mi, má tíì san kọ́bọ̀. Mo yọ lúfà tèmi, mo fi èyí tí wọ́n ń fà sí i. Ó dára lójú, eruku ọyẹ́ náà dínkù, n ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ìdajì péré ló ń ṣí, ìdajì kejì á kàn lọ dúró sẹ́yìn èkejì ẹ̀ ni. Lúfà, tí mo bá ṣí i, gbogbo ojú ẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ní báyìí, tí iná bá lọ lóru, bàràńdà la ń tẹ́ ẹní sí. Òjò ńlá àkọ́kọ́ tó rọ̀, omi kún ojú irin tí gíláàsì ń gbà rìn, ó ya sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó ṣe é ò lu ihò tí omi máa gbà jáde. Mo pè é títí, kò gbé e.

KÁFÍŃTÀ, Ọ̀FÀ
Ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ ìrókò yẹn ló mú mi dá sí i. Ilé alámọ̀ àtijọ́, igi ni àtẹ́rígbà ẹ̀, férémù wíńdò sì sábà máa ń bá a gbé ẹrù ògiri. Bí èèyàn bá fi òòlù fa férémù yẹn yọ, ògiri lè sán láti igun wíńdò lọ dé òkè. Ẹ mú ọ̀bẹ, ẹ gún férémù nísàlẹ̀, níbi tí omi máa ń dúró sí. Bí ọ̀bẹ bá wọlé wẹ́rẹ́, ikán tàbí omi ti jẹ ẹ́. Bí kò bá wọlé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

ARÁ ADÉWỌLÉ
Àǹtí, iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni mò ń ṣe. Wíńdò yàrá màmá, ibo ló kọjú sí?

ONÍBÉÈRÈ
Méjì ni. Bí wọ́n bá kọjú sí gábàsì láti kírun, ọ̀kan wà lẹ́yìn wọn, ìkejì wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Tẹ̀yìn yẹn ló tóbi jù.

ARÁ ADÉWỌLÉ
Ìwọ̀-oòrùn ni tẹ̀yìn yẹn, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Gúúsù ni tọwọ́ ọ̀tún, etí òrùlé á máa ṣíji bò ó, torí lọ́sàn-án, òkè orí wa ni oòrùn ń gbà kọjá. Ṣùgbọ́n láti agogo mẹ́ta lọ, oòrùn ti sọ̀ kalẹ̀, abẹ́ òrùlé ló ń gbà wọlé.

Gíláàsì ẹyọ kan tí kò ní àwọ̀, nínú ooru 100 tí oòrùn bá gbé bá a, nǹkan bí 85 ló ń jẹ́ kó kọjá. Onígíláàsì méjì náà ṣì ń jẹ́ kí bí 75 kọjá. Òtútù ni wọ́n ṣe é fún. Ní Jámánì, ìta lè wà ní -10°C, kí inú ilé wà ní 20°C. Ọgbọ̀n ni ìyàtọ̀ yẹn. Ní Ìlọrin, bí ìta bá jẹ́ 36, tí ẹ fi AC sí 25, mọ́kànlá péré ni. Kọ́tíìnì náà ò lè gbà yín, ooru ti wọlé kó tó kàn án. Ìta ni kí ẹ ti dá a dúró.

Ẹ dán nǹkan kan wò lálẹ́ yìí. Ẹ tan AC, ẹ pa fáànù, ẹ ti gbogbo lúfà, kí ẹ gbé tùràrí tó ń jó sún mọ́ ọn. Ẹ wo èéfín ẹ̀.

ONÍBÉÈRÈ
Mo ṣe é lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Láàárín yàrá, èéfín ń gùn lọ sókè tààrà. Bí mo ṣe gbé e dé ìsàlẹ̀ lúfà, ó tẹ̀ bí okùn, ó gba àárín gíláàsì méjì jáde. Mo bọ́ síta, òórùn tùràrí ti wà níbẹ̀. Ìta ni mo ń fi owó mi mú tutù látọjọ́ yìí!

Màmá mi wá ní, “O ò rántí pé bàbá ẹ máa ń pa pákó wíńdò yẹn dé tí wọ́n bá ti kírun Àílà tán?” Ìrókò ló wà níbẹ̀ kí wọ́n tó fi lúfà sí i. Pákó ọ̀hún ṣì wà lókè àjà, méjèèjì.

KÁFÍŃTÀ, Ọ̀FÀ
Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kíá! Ìta ni kí wọ́n fi kọ́ ọ, kí àyè díẹ̀ wà láàárín òun àti gíláàsì kí ooru lè ráyè jáde. Lára férémù àtijọ́ ni kí wọ́n ti so ó mọ́ ọn. Kò sí ìdí láti gbẹ́ ògiri.

ARÁ ADÉWỌLÉ
Ó tán. Wíńdò méjì yàrá yẹn nìkan ni kí ẹ pààrọ̀, kí wọ́n ṣe gíláàsì ẹ̀ sínú férémù tó wà níbẹ̀. Èyí tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn ni kẹ́ ẹ ṣe, tó ní rọ́bà yí etí ká, gíláàsì ẹyọ kan tó. Gbogbo ojú ẹ̀ ló ń ṣí, bó bá sì tì, ó tì. Lúfà mẹ́fà tó kù, ẹ tún irin ẹ̀ ṣe, kí ẹ fi gíláàsì sí ibi tí páálí wà. Atẹ́gùn lẹ fẹ́ níbẹ̀.

ONÍBÉÈRÈ
Ẹ kú àánú mi o. Mo fẹ́ fún yín lábọ̀. A ti kọ́ pákó náà, a ò tíì fọwọ́ kan gíláàsì. Lánàá, láti agogo méjì sí agogo mẹ́wàá alẹ́, mítà ka yúníìtì mẹ́rin àti díẹ̀. Irú wákàtí kan náà, mẹ́fà àti díẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Ní agogo márùn-ún, mo gbọ́ tí AC dákẹ́ fúnra ẹ̀, mo rò pé iná ti lọ. Màmá mi ní kí n bá wọn fa aṣọ bora.