Àbọ̀ mi lórí ọ̀rọ̀ ìdákẹ́jẹ́ẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àdúrótì. Mo bi yín lọ́jọ́sí pé kí lèèyàn lè ṣe tí ọkàn ò bá yé sáré. Àbọ̀ rèé: ara ti ń tù mí.

Ìmọ̀ràn ẹni tó ní kí n gbé fóònù sí yàrá kejì ni mo dì mú. Láàárọ̀, kí ará ilé tó jí, màá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, màá mí sínú, màá wá rọra mí síta, kí mímí síta pẹ́ ju mímí sínú lọ. Ìyẹn máa ń jẹ́ kí àyà tó ń lù kìkì rọlẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, gbogbo gbèsè àti ìjà àná ló ń wá sí mi lọ́kàn. Mi ò lé wọn. Wọ́n ń kọjá lọ fúnra wọn. Kéèyàn dá jókòó jẹ́ẹ́ le lóòótọ́: nínú ìwádìí kan ní Yunifásítì Virginia, ní Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 2014, ọkùnrin 12 nínú 18 ló mọ̀ọ́mọ̀ fi iná mànàmáná gbọn ara wọn fúnra wọn nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n dá jókòó pẹ̀lú èrò ọkàn wọn nìkan fún ìṣẹ́jú 15 péré!

Àmọ́ ẹni tí ìbànújẹ́ rẹ̀ ń pọ̀ sí i tó bá dá wà, ẹ jọ̀ọ́, kó wá ẹni bá sọ̀rọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ tèmi parí síbí.