Oúnjẹ, wáìnì àti ọdún àwọn àgbẹ̀ Piedmont ní Ítálì

Ìbéèrè (Ìbarà, Abẹ́òkúta):
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Ìjíròrò kan lórí ọdún Lísàbí ni ó mú mi béèrè: kí ni àwọn àgbẹ̀ Piedmont ń jẹ, kí ni wọ́n sì ń mu nígbà ọdún tiwọn?

Ìdáhùn (Aké):
Ẹ kú ìbéèrè. Ní òkè Langhe, àjàrà Nebbiolo ni wọ́n fi ń ṣe wáìnì Barolo, èyí tí òfin kò gbà kí wọ́n tà kí ó tó lo oṣù 38, tí ó sì gbọ́dọ̀ lo oṣù 18 nínú àgbá onígi. Ẹmu ọ̀pẹ tiwa kò lè dúró tó bẹ́ẹ̀ kí ó má kan. Ìlú Alba a sì máa pàtẹ olú funfun abẹ́ ilẹ̀, tí ajá ń gbóòórùn rẹ̀ rí, tí wọ́n ń rẹ́ ní tútù sórí oúnjẹ nítorí pé iná ń pa òórùn dídùn rẹ̀.

Ìdáhùn (Ìtòkú):
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Bagna càuda ni ó wù mí jù: aáyù, ẹja kéékèèké oníyọ̀ àti òróró ólífì gbígbóná, tí gbogbo ilé ń ki ẹ̀fọ́ bọ̀. Ní oṣù kẹwàá, wọ́n tún ń fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sáré ìje ní Alba.