Ọjọ́ tí mo gbé ọwọ́ kúrò lórí dùùrù

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Ìdánwò tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín kì í ṣe ti bíírò, ti dùùrù ni.

Ọmọ ọdún 14 ni mí nígbà tí mo lọ ṣe Grade 5 (ìpele karùn-ún) ti ABRSM, àjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣe ìdánwò orin, l'Ékòó. Ìdájí la ti kúrò n'Íbàdàn. Orin mẹ́ta tí mo ti kọ́ sílẹ̀ kò yọ mí lẹ́nu. Sight-reading ló dá mi lápá: wọ́n á gbé orin tó ò rí rí síwájú rẹ, ìdajì ìṣẹ́jú lo ní láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ṣì í ní ìlà kejì, mo dúró, mo ní "Ẹ jọ̀ọ́, sà," mo bẹ̀rẹ̀ látòkè, mo tún ṣì í. Olùdánwò ò sọ nǹkan kan, ó kàn ń kọ̀wé. Ìró bíírò yẹn ò tíì kúrò létí mi.

Èsì dé: 96 nínú 150. 100 lèèyàn fi ń yege. Sight-reading nìkan, 8 nínú 21. Màmá mi ní kí n fi dùùrù sílẹ̀, kí n gbájú mọ́ Chemistry (èmi tí Chemistry náà ò fẹ́ràn!).

Bàbá olórí akọrin tó ń kọ́ mi ò bá mi wí. Ó kàn ní kí n máa tẹ dùùrù ní ìsìn ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹsẹ kejì, mo ṣìnà, mo gbé ọwọ́ kúrò. Àwọn ìyá ìjọ ò tilẹ̀ wojú mi, wọ́n ń bá orin wọn lọ.

Lẹ́yìn ìsìn, Bàbá ní, "Nígbà tó o dákẹ́, ta ló bá ọ dákẹ́?"

"Kò sí, sà."

"Ó dáa. Lọ́jọ́ mìíràn, sáré bá wọn."

Iṣẹ́ tí mo fi oṣù mẹ́wàá kọ́ nìyẹn. Tí ọwọ́ ọ̀tún bá ṣìnà, kí tòsì máa lọ; tí méjèèjì bá sọnù, kí n dúró de ìlà tó kàn, kí n fò wọlé. Ọwọ́ mi ò yéé gbọ̀n o. Ó ń gbọ̀n, mo ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo padà lọ ṣe ìdánwò náà. Iná lọ láàárín skéèlì (ohùn orin tí à ń tẹ̀ ní títẹ̀léra), fáànù dúró, mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Sight-reading, 15. Àpapọ̀, 112.

Ní yunifásítì, ọjọ́ tí mo ń gbèjà iṣẹ́ àṣekágbá mi, projector kú lójú ìwé kẹta. Ọ̀gá kan ní, "Ṣé ká dúró ni?" Kó tó sọ ọ́ tán, mo ti dé ojú ìwé kẹrin.