Linux àtijọ́, FreeIPA àti trust Active Directory: ẹ wá sọ ohun tẹ́ ẹ ti bá pàdé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí Linux àtijọ́ ṣì wà ní ìkáwọ́ yín. Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń dojú rú ni pé SSSD (ètò tó ń bá Linux béèrè orúkọ àti password aṣàmúlò lọ́wọ́ sáfà) tí ẹ̀dà rẹ̀ kò tíì tó 1.9 kò mọ ohun tó ń jẹ́ trust, ìyẹn àdéhùn tó ń jẹ́ kí aṣàmúlò Active Directory (AD) ti Microsoft lè wọ kọ̀ǹpútà tí FreeIPA, sáfà tó ń tọ́jú aṣàmúlò Linux, ń bójú tó. Á bá FreeIPA sọ̀rọ̀ dáadáa, àmọ́ kò ní gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé Active Directory. RHEL (Red Hat Enterprise Linux) 5 àti RHEL 6 tó ṣáájú 6.4 lẹ máa bá a lórí wọn jù. Ẹ má bá a fa wàhálà, sáfà ni kẹ́ ẹ gbé iṣẹ́ náà lé lórí. Láti FreeIPA 3.3, tó jáde ní 2013, sáfà lè gbé àwọn aṣàmúlò AD kalẹ̀ sábẹ́ cn=compat (apá tó wà fáwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́) bíi LDAP lásán, ọ̀nà àtijọ́ tí kọ̀ǹpútà ń gbà béèrè orúkọ lọ́wọ́ sáfà. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ò ní bá AD ṣe nǹkan kan rárá; port 389 tó lọ sí FreeIPA ti tó o.

Lórí sáfà:

ipa-adtrust-install --enable-compat
ipa-advise config-redhat-sssd-before-1-9

Ìlà kejì kò yí nǹkan kan padà. Ó kàn máa tẹ àwọn àṣẹ tẹ́ ẹ máa lọ ṣe lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ jáde ni. Tó bá jẹ́ nss-pam-ldapd lẹ ń lò dípò SSSD, config-redhat-nss-pam-ldapd ni. Tó bá jẹ́ nss_ldap, config-redhat-nss-ldap. Tí sáfà yín bá ju ẹyọ kan lọ, gbogbo èyí táwọn kọ̀ǹpútà yìí máa bá sọ̀rọ̀ lẹ gbọ́dọ̀ tan compat sí, torí ètò rẹ̀ kì í ti orí ọ̀kan dé èkejì fúnra rẹ̀.

* * *

Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n fi sssd.conf tì í lẹ́yìn, torí ìlà kan wà níbẹ̀ táwọn èèyàn máa ń yọ dànù:

[sssd]
re_expression = (?P<name>.+)

[domain/default]
id_provider = ldap
auth_provider = ldap
ldap_uri = ldap://ipa.example.test
ldap_search_base = cn=compat,dc=example,dc=test
ldap_tls_cacert = /etc/openldap/cacerts/ipa.crt

re_expression yẹn ni ẹ̀mí gbogbo rẹ̀. Láìsí i, SSSD á gé orúkọ níbi àmì @, á wá máa wá domain tí kò sí nínú ètò tirẹ̀. Odindi orúkọ ló gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ sáfà. Tẹ́ ẹ bá fi getent béèrè orúkọ aṣàmúlò, "getent passwd user1" ò ní mú nǹkan kan wá, "getent passwd user1@ad.example.test" ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ má sì retí kí getent passwd lásán to gbogbo aṣàmúlò AD sílẹ̀. Ìgbà tẹ́nì kan bá béèrè orúkọ ni sáfà ń lọ wá a ní AD, ìdí nìyẹn tí ìwọlé àkọ́kọ́ fi máa ń falẹ̀, pàápàá fún ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ púpọ̀.

* * *

Èyí tó máa ń gba àkókò èèyàn jù lójú tèmi rèé: getent dáhùn, id dáhùn, password tọ̀nà, síbẹ̀ aṣàmúlò AD ò lè wọlé. Ẹ kọ́kọ́ yọ kọ̀ǹpútà àtijọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà:

ldapsearch -x -ZZ -H ldap://ipa.example.test -W -D "uid=user1@ad.example.test,cn=users,cn=compat,dc=example,dc=test" -b "" -s base

Tí èyí náà bá kọ̀, ọ̀dọ̀ sáfà lẹ̀bi wà. Sáfà máa ń fi PAM (ètò tí Linux fi ń yẹ ìwọlé wò) yẹ password aṣàmúlò AD wò, orúkọ service tó sì ń lò ni system-auth. Ẹni tó bá ti pa allow_all (òfin tó gba gbogbo èèyàn láyè) nínú HBAC, ètò FreeIPA tó ń sọ ẹni tó lè wọ kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ti ti ilẹ̀kùn yẹn pa láìmọ̀. Ẹ fi "ipa hbacsvc-add system-auth" dá service náà sílẹ̀ bí kò bá sí, kẹ́ ẹ ṣe rule tó gba àwọn aṣàmúlò yín láyè lórí àwọn sáfà FreeIPA fúnra wọn. Kì í ṣe lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ o.

Ohun kan tún tẹ̀ lé e: kọ̀ǹpútà àtijọ́ kì í ka HBAC. Ẹnikẹ́ni tí sáfà bá ti gba password rẹ̀ ti wọlé nìyẹn. Ẹ fi access_provider = simple àti simple_allow_groups dè é, tàbí kẹ́ ẹ lo /etc/security/access.conf.

* * *

Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹ má gbàgbé TLS, ààbò tó ń bo ọ̀rọ̀ tó ń kọjá láàárín kọ̀ǹpútà àti sáfà. OpenSSL 0.9.8 tó wà lórí RHEL 5 ò kọjá TLS 1.0, RHEL 8 kì í sì í gba ohun tó kéré sí TLS 1.2 bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀. Ẹ dán an wò:

openssl s_client -connect ipa.example.test:636 -tls1

Tó bá kọ̀, ẹ yan sáfà kan péré fáwọn àtijọ́ yìí, kẹ́ ẹ ṣe "update-crypto-policies --set LEGACY" lórí rẹ̀, kẹ́ ẹ tún un tàn, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí firewall gba àwọn nìkan láyè débẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa TLS. Password AD gan-an ló ń kọjá lórí wáyà, láìsí Kerberos tó bò ó.

Nínú sudoers (fáìlì tó ń sọ ẹni tó lè lo agbára root), ẹgbẹ́ tó ní àlàfo nínú orúkọ gba backslash: %domain\ users@ad.example.test. Tí ps (àṣẹ tó ń to àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) bá sì ń fi nọ́ńbà hàn dípò orúkọ, kò sí ohun tó bàjẹ́. Orúkọ ló gùn jù fún àyè tó ní.